Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Bí Gbogbo Àṣírí Ìjọba Bá Wà Nínú Àká Kan Ṣoṣo

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo yàn fún oṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ. Èyí àkọ́kọ́ ni mo fún ní àyè jù, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú àṣírí ìjọba rí.

Láti Èbúté Mẹ́ta

Olóòtú ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Yàrá ìpamọ́ fáìlì ni mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí, kí olú ìlú tó kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá ní 1991. Láyé ìgbà náà, fáìlì tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ àṣírí mọ́ kì í sùn sórí tábìlì. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin là ń tì í mọ́. Àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, èkejì wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ẹni tó bá fẹ́ ka fáìlì náà yóò kọ orúkọ rẹ̀, aago àti ìdí tó fi fẹ́ kà á sínú ìwé ńlá kan, yóò sì fọwọ́ sí i. Ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà wá sọ fún mi pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti kó àṣírí wọn jọ sí ohun tí wọ́n ń pè ní cloud, àti pé oníṣòwò ló ń bá wọn kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Ṣé ọgbọ́n ni, àbí àìbìkítà?

Ìdáhùn

Bàbá, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ṣàpèjúwe kọ́bọ́ọ̀dù yẹn fínnífínní, nítorí pé inú rẹ̀ gan-an ni mo ti máa mú ìdáhùn mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí cloud jẹ́. Kò sí ohun tó wà lójú sánmà níbẹ̀. Ilé gidi ni, tí wọ́n to ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà sí, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wọn tọ̀sán-tòru, tí jẹnẹrétọ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ nítorí iná tó lè lọ nígbàkúùgbà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Oregun, ó sì wà ní Lẹ́kí. Ẹni tó bá kọjá níwájú rẹ̀ lè rò pé ilé ìkẹ́rù sí lásán ni. Ẹni tó ni ín ń fi àyè inú rẹ̀ yá àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì ń sanwó bí wọ́n bá ṣe lò ó tó.

Òótọ́ lọmọ yín sọ. Ní 2013, CIA, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ òkè òkun, fún Amazon ní iṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó 600 mílíọ̀nù dọ́là, pé kí wọ́n kọ́ cloud kan tí gbogbo iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, mẹ́tàdínlógún nígbà náà, yóò jọ máa lò. Ní 2020, wọ́n pín iṣẹ́ mìíràn fún iléeṣẹ́ márùn-ún: Amazon, Microsoft, Google, Oracle àti IBM. Ìjọba Ọsirélíà náà kéde ní oṣù Keje 2024 pé àwọn yóò ná ó kéré tán bílíọ̀nù méjì dọ́là ilẹ̀ wọn lórí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ibi tí àwọn ọmọ wa ń kó fọ́tò ìgbéyàwó sí ni wọ́n kó o sí. Ti àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dá dúró gedegbe. Wọn kò so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí èmi àti ẹ̀yin ń lò, àwọn tí ìjọba ti wádìí ìgbésí ayé wọn nìkan ló sì ń wọlé síbẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi kó o jọ? Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ náà. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001 gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 2004, ohun tí wọ́n sì rí ni pé láti ọdún 2000 ni CIA ti mọ̀ nípa méjì lára àwọn tó já bàálù gbà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dé etí FBI, àwọn tó ń wádìí ọ̀ràn nínú ilé, bó ṣe yẹ títí di ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Oníkálukú jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀. Bí ẹni tó mọ olè kò bá lè sọ fún ẹni tó lè mú un, àṣírí tí ó ń pa mọ́ ti di àkóbá fún ìlú. Mi ò lè fojú kéré ìyẹn, Bàbá, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí mi ò fi ní sọ pé kí gbogbo ayé padà sídìí kọ́bọ́ọ̀dù onírin.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń ba èmi náà ni ìkójọ fúnra rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àjọ ní Ọjà Balógun. Bí olè bá gbé kóló ìyá oníbọ́tìnnì kan, ìyá kan ló sunkún. Bí alájọ bá sá lọ, gbogbo ìsọ̀ ló sunkún lọ́jọ́ kan náà, àti ẹni tó dá igba náírà àti ẹni tó dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Nígbà tí àṣírí wà ní ọgọ́rùn-ún kọ́bọ́ọ̀dù, olè gbọ́dọ̀ já ọgọ́rùn-ún àgádágodo. Nígbà tí wọ́n bá dà á pọ̀ sínú àká kan, àká náà lè lágbára ju ọgọ́rùn-ún kọ́bọ́ọ̀dù lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ṣí, kò sí ohun tó kù níta rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí kì í fura sí: ìkójọ máa ń bí àṣírí tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ìwé dísẹ́lì tí bárékè kan rà, ìwé ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àkọsílẹ̀ mọ́tò tó jáde nínú ọgbà rẹ̀: ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìwé lásán lọ, kò sẹ́ni tí yóò lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ara wọn yóò mọ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun fẹ́ gbéra. Ẹni tó ń wá inú kọ́bọ́ọ̀dù kan kò lè rí i. Kọ̀ǹpútà tó ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ yóò rí i kí ẹ tó mu omi tán.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Púpọ̀ nínú ohun tó bọ́ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ará inú ilé ló gbé e jáde. Lẹ́yìn ọdún 2001, nítorí kí ìmọ̀ lè kárí, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn gbé lẹ́tà àwọn aṣojú wọn káàkiri ayé sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àwọn ológun náà lè kà. Ní 2010, Chelsea Manning, ọmọ ogun tí ipò rẹ̀ kò ga, tí ó jókòó sí àgọ́ kan ní Ìráàkì, ń da àwọn fáìlì sínú CD tí ó kọ orúkọ olórin sí lára, bíi pé orin ló ń gbọ́. Lẹ́tà àwọn aṣojú nìkan jẹ́ 251,287. Ẹ fojú inú wò ó, Bàbá: bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé iye fáìlì yẹn jáde ní ọ́fíìsì yín ní Ìkòyí, ọkọ̀ akẹ́rù mélòó ni ì bá lò, ta ni ì bá sì máa wò ó tí kò ní bi í léèrè? CD kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ní 2023, wọ́n tún mú Jack Teixeira, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ ni wọ́n gbà á sí ní ibùdó ọmọ ogun òfuurufú kan ní Massachusetts, síbẹ̀ ó ń ka àṣírí ogun Ukraine, ó sì ń gbé e sórí Discord, níbi tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń tàkúrọ̀sọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n dá fún un ní oṣù Kọkànlá 2024. Ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ fáìlì yóò tètè lóye rẹ̀: ẹni tí wọ́n gbà pé kó máa tún ìlẹ̀kùn ṣe ló ń ka ìwé inú yàrá.

Ìdí nìyẹn tí àgádágodo méjì yín fi jọ mí lójú. Nínú cloud, ohun tó dúró bí àgádágodo ni kí wọ́n fi àdììtú di fáìlì kí ó tó wọ inú àká, débi pé ẹni tó bá jí i kò ní rí nǹkan kan kà bí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ tí ó lè tú u. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù, tí mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo aṣòfin máa bèèrè kí wọ́n tó buwọ́ lu owó irú iṣẹ́ yìí, ni pé ta ló mú kọ́kọ́rọ́ náà dání. Bí onílé tó ní àká bá tún mú kọ́kọ́rọ́ dání, a jẹ́ pé òun ló ni àṣírí, ìjọba kàn ń yá a kà ni. Ìjọba ni ó yẹ kó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo fáìlì. Kí ti ọmọ ogun orí omi má lè ṣí ti àwọn tó ń wádìí ìjẹkújẹ. Fún ohun tó bá wúwo jù, kí ẹni méjì fọwọ́ sí i kí ó tó ṣí, bí ẹ̀yin àti ọ̀gá yín ti ń ṣe é. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé àdììtú kò gbani níbi gbogbo. Ìgbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí fáìlì, ó sábà máa ń ní láti tú u ná, olè tó bá lúgọ sínú ẹ̀rọ lákòókò yẹn yóò sì kà á.

Ìwé ńlá tí ẹ̀ ń kọ orúkọ sí ńkọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Microsoft ní 2023 yóò fi iyì rẹ̀ hàn yín. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé wọ́n bá Ṣáínà tan rí kọ́kọ́rọ́ kan tó jẹ́ ti Microsoft lò, èyí tí wọ́n ṣe láti 2016, tí ó sì yẹ kí wọ́n ti pa tì. Wọ́n fi ń ṣe ìwé ìwọlé ayédèrú, wọ́n sì wọ inú ímeèlì iléeṣẹ́ ńlá àti kékeré méjìlélógún, títí kan ti Gina Raimondo tó jẹ́ olórí ètò ìṣòwò Amẹ́ríkà nígbà náà. Nínú iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan, nǹkan bíi 60,000 ímeèlì ni wọ́n kó. Kọ́kọ́rọ́ kan, ilé púpọ̀. Ìmeèlì ojoojúmọ́ ni, kì í ṣe àká àṣírí ńlá, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí àṣírí àwọn olè náà ṣe tú: iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ló kọ́kọ́ fura, nítorí pé wọ́n ti san owó lé owó kí wọ́n lè máa rí àkọsílẹ̀ kíkún nípa ẹni tó ṣí ìmeèlì àti ìgbà tó ṣí i. Ẹni tí kò san owó náà kò ní ìwé tí yóò yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni Microsoft gbà láti máa fún àwọn oníbàárà ní púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Lójú tèmi, kò yẹ kí ìwé ìfọwọ́sí jẹ́ ohun tí à ń rà lọ́tọ̀ rárá.

Àṣìṣe náà tún wà, kì í ṣe olè nìkan. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, iléeṣẹ́ kan ní Yábàá ní kí n wá bá wọn yẹ cloud wọn wò. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, mo wà nínú dáńfó ní Ojúẹlẹ́gba, mo tẹ àdírẹ́ẹ̀sì àpótí wọn, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí lórí cloud, sórí fóònù mi lásán, kí n lè mọ ohun tí yóò sọ. Ó ṣí. Kò béèrè password, kò béèrè orúkọ. Páálí ìdánimọ̀ àwọn oníbàárà wọn tò kalẹ̀, fọ́tò ojú wọn ń wò mí, mo sì yára da fóònù náà bolẹ̀ nítorí ẹni tó jókòó tì mí. Ẹnì kan ló ti yan “gbogbo ènìyàn” níbi tó yẹ kó yan “àwa nìkan”, ó sì gbàgbé. Irú rẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní 2017, nígbà tí ẹni tó ń wádìí ààbò kọ̀ǹpútà rí àpótí kan lórí cloud Amazon tó jẹ́ ti ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn. Fáìlì tí wọ́n kọ “àṣírí gíga” sí lára wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdírẹ́ẹ̀sì ló sì lè ṣí i. Kọ́bọ́ọ̀dù yín kò lè ṣí sójú gbogbo ayé nítorí ìtẹ̀ kan ṣoṣo.

Nítorí náà, Bàbá, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Àìbìkítà ni bí wọ́n bá kó fáìlì jọ láìkó ìwé ìfọwọ́sí àti àgádágodo méjì yín dání.

Láti Akọkà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì ìlú Èkó. Èrò tèmi ni pé bí ìjọba wa bá ṣáà ti kó dátà rẹ̀ sí ilé tó wà nílẹ̀ Nàìjíríà, tí kò gbé e lọ sókè òkun, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ṣé mo pa á?

Ìdáhùn

O pa á dé ìdajì, ọmọ mi. Láti 2013 ni NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ti gbé ìlànà jáde pé orí ilẹ̀ wa ni kí dátà ìjọba wà, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ilé wà yàtọ̀ sí ẹni tó ni ilé. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 2018, CLOUD Act ni wọ́n ń pè é, tó fún àwọn agbófinró wọn láyè láti gba àṣẹ pé kí iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà mú dátà tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ wá, ibikíbi tí dátà náà bá wà láyé. Bí ilé náà bá wà ní Lẹ́kí, tí ẹni tó ń darí rẹ̀ sì wà lábẹ́ òfin ìlú mìíràn, Lẹ́kí nìkan kò lè gbà ọ́. A tún padà sórí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ nìyẹn.

Ohun tí ìtòsí ń ṣe ni pé ó ń gbani lọ́wọ́ ìjìnnà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já lábẹ́ òkun létí Abidjan, mo tò sí báńkì kan ní Bróòdù Sírííìtì. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu káńtà ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó ń wo ojú rẹ̀, ó tún ń tẹ̀ ẹ́, títí ó fi gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò tó sì ká a lé itan. Owó wa kò bọ́, kò sẹ́ni tó jí i. Ọ̀nà tí a fi ń dé ìdí rẹ̀ ló dí. Ọ̀gágun tó ń wá ìròyìn nípa ibùba kan ní òru kò lè ká ọwọ́ lé itan.

Síbẹ̀, ìtòsí náà ní ewu tirẹ̀ bí ibi kan ṣoṣo bá ni. Gúúsù Kòríà kó dátà ìjọba rẹ̀ sí orílẹ̀-èdè tirẹ̀, sínú ilé ìjọba tirẹ̀, ní ìlú Daejeon. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2025, bátìrì gbiná nínú ilé náà. Ibẹ̀ ni àpótí ńlá tí wọ́n ń pè ní G-Drive wà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó iṣẹ́ wọn sí; terabyte 858 ló jóná, wọn kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, nítorí pé wọ́n ní ó ti pọ̀ jù láti ṣe ẹ̀dà. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀, kò sí amí. Ẹ̀dà méjì ó kéré tán, ní ìlú méjì tí iná kan kò lè jó papọ̀, ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí, kí wọ́n sì máa dán ẹ̀dà náà wò lóòrèkóòrè bóyá ó ń ṣí.

Láti Ìdúmọ̀tà

Ẹ kú ìdáhùn o. Aṣọ ni mò ń tà, n kò sí nínú ológun, n kò sì ní àṣírí ìjọba kankan lọ́wọ́. Kí ló kan irú èmi nínú ọ̀rọ̀ yìí? Gbogbo ibi tí mo bá dé ni wọ́n ti ń gba NIN mi. Ṣé kí n má fún wọn mọ́ ni?

Ìdáhùn

Ìyá mi, ó kàn yín gan-an. Ohun tí ọ̀tá sábà máa ń wá nínú àká ìjọba ni orúkọ àwọn ènìyàn. Ní 2015, Amẹ́ríkà kéde pé àwọn olè ti wọ kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ìjọba wọn, OPM. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ìwé ìwádìí nípa àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ àṣírí jọ sí: gbèsè wọn, ẹbí wọn, àìsàn wọn, ọ̀rẹ́ wọn lókè òkun. Ènìyàn mílíọ̀nù 21.5 ni, tí ìyàwó, ọkọ àti àwọn aráalé wà lára wọn, àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ ìjọba rí lọ́jọ́ ayé wọn. Wọ́n tún kó ìtẹ̀ka mílíọ̀nù 5.6. A lè pààrọ̀ password láàárọ̀ ọ̀la. Ìka ọwọ́ tí Ọlọ́run fún yín, kò sí iléeṣẹ́ tó lè fún yín ní òmíràn.

Nílé níbí, ní oṣù Kẹfà 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative ní Yábàá kígbe síta pé ẹnikẹ́ni lè fi ọgọ́rùn-ún náírà ra NIN ẹlòmíràn lórí ìkànnì kan. NIMC, àjọ ìjọba tó ń fún wa ní NIN, dáhùn pé kò sẹ́ni tó já àká àwọn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, èyí ló sì dùn mí jù. Kò pọn dandan kí olè já ògiri àká tí ọ̀pọ̀ ẹnu ọ̀nà bá ti wà lára rẹ̀. Ó tó kí ẹnì kan tí wọ́n gbà láyè láti máa yẹ̀ ẹ́ wò sọ àyè náà di ọjà.

Ẹ kò lè sọ pé ẹ kò ní fún wọn mọ́, nítorí pé báńkì àti láìnì fóònù yín wà lórí rẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ má máa fún gbogbo ènìyàn ní nọ́ńbà náà gan-an. Láti oṣù Kìíní 2022 ni NIMC ti gbé irú nọ́ńbà mìíràn jáde tí wọ́n ń pè ní vNIN. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é lórí fóònù, fún ẹni kan pàtó tó fẹ́ yẹ̀ yín wò. Lẹ́yìn wákàtí 72, kò wúlò mọ́, kò sì wúlò lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí ẹ tó na páálí yín sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ń gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, bó bá sì ní òun fẹ́ ya fọ́tò páálí náà, ẹ ní kó sọ ibi tí yóò tọ́jú rẹ̀ sí fún yín.